Ètò ìpè-wọlé lórí terminal server: wáyà ni kí á kọ́kọ́ wò, àbí ọ̀rọ̀ aṣínà?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà nínú iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Wọ́n fa terminal server kan, ẹrọ tó ń so ọ̀pọ̀ ìlà módẹ́mù mọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì, lé mi lọ́wọ́. Pọ́ọ̀tù 16 ló ní, módẹ́mù 16 ni wọ́n so mọ́ ọn, ìlà tẹlifóònù kọ̀ọ̀kan sì wọ inú módẹ́mù kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì gan-an bá dákú, kí àwọn òṣìṣẹ́ wa lè fi tẹlifóònù pè wọlé láti ibikíbi tí wọ́n bá wà, kí wọ́n sì dé ọ̀dọ̀ àwọn ráútà tó ń ṣe àìsàn. Mo ti to PPP, ìlànà tó ń gbé dátà nẹ́tíwọ́ọ̀kì gba orí ìlà tẹlifóònù, mo ti to CHAP, tó ń yẹ ọ̀rọ̀ aṣínà ẹni tó pè wò, mo sì ti ya àdírẹ́sì sọ́tọ̀ fún àwọn tó ń pè. Síbẹ̀, nígbà mìíràn á gbà wọ́n wọlé, nígbà mìíràn kò ní gbà. Nínú àkọsílẹ̀ rẹ̀, mo ń rí ẹnì kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ «~ÿ}#À!}!}» tó ń gbìyànjú láti wọlé. Èyí tó wá bà mí lẹ́rù jù lọ ni pé ẹnìkan nínú wa pè wọlé lọ́sẹ̀ tó kọjá, kò sì bá ẹni tó bi í léèrè orúkọ rárá. Àárín iṣẹ́ tí ẹni tó pè ṣáájú ṣí sílẹ̀ ló bá ara rẹ̀, pẹ̀lú gbogbo àṣẹ alábòójútó tí ẹni yẹn ní. Ọ̀gá mi ní kí n mú ọ̀rọ̀ aṣínà le sí i. Ẹlòmíràn ní kí á kó gbogbo ẹrọ náà dànù. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? Ṣé PAP, ọ̀nà àyẹ̀wò kejì, ló sì dára ni, àbí CHAP?

* * *

Èsì

Ẹ jẹ́ kí á fi PAP àti CHAP sílẹ̀ ná. Nínú gbogbo ohun tí ẹ kà sílẹ̀, èyí tó kẹ́yìn ló yẹ kó gba oorun lójú ẹni, kò sì sí ọ̀rọ̀ aṣínà kankan tó lè wò ó sàn, bó ti wù kó le tó, nítorí pé ẹni yín kò dé ibi tí wọ́n ti ń béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà rárá. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ẹni tó kọ́kọ́ pè já ìpè rẹ̀ láìkọ́kọ́ jáde nínú iṣẹ́. Módẹ́mù mọ̀ pé ó ti lọ. Terminal server kò mọ̀. Lójú tirẹ̀, ẹni kan náà ṣì wà lórí ìlà, nítorí náà nígbà tí ìpè tuntun bọ́ sórí módẹ́mù yẹn, ńṣe ló ń bá a lọ láti ibi tí ọ̀rọ̀ dé dúró.

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń dáhùn irú ìbéèrè yìí máa ń bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Wọn á ní kí ẹ tún orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ tò, kí ẹ yẹ PPP wò, kí ẹ yí àdírẹ́sì padà. Bí gbogbo rẹ̀ bá wá kọ̀, wọn á wá rántí wáyà. Èmi kò fara mọ́ ọ̀nà yẹn. Ìsàlẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, láti ibi tí wáyà ti kan ara rẹ̀, nítorí pé ohun gbogbo tó wà lókè gbára lé e pé terminal server mọ ìgbà tí ènìyàn dé àti ìgbà tó lọ.

Àmì méjì ló gbé ọ̀rọ̀ yìí dání. DCD ni àmì tí módẹ́mù fi ń sọ fún terminal server pé òun ti bá módẹ́mù mìíràn sọ̀rọ̀ lórí ìlà. DTR ni àmì tí terminal server fi ń sọ fún módẹ́mù pé òun wà ní ìmúrasílẹ̀. Bó bá gbé àmì yẹn sílẹ̀, ó túmọ̀ sí pé kí módẹ́mù já ìpè. Àṣẹ &C1 ni ẹ máa fún módẹ́mù kí DCD rẹ̀ lè máa sọ òtítọ́, &D2 sì ni ti DTR. Àwọn módẹ́mù kan wà tí wọ́n ń bá &C0 àti &D0 nínú wọn. Bí &C0 bá wà, DCD á tan láti òwúrọ̀ títí di alẹ́ yálà ẹnì kan pè tàbí kò pè. Bí &D0 bá wà, terminal server lè gbé DTR sílẹ̀ bó ṣe wù ú, módẹ́mù kò ní dá a lóhùn. Ẹ fojú inú wo méjèèjì pa pọ̀ lórí ìlà kan: terminal server kò mọ̀ bí ènìyàn bá ti lọ, bó bá sì fẹ́ lé ènìyàn jáde pàápàá, kò ní lè lé e.

Ìdí mìíràn tún wà tí ọ̀pọ̀ kì í fiyè sí, ìyẹn sì ni ádápútà orí wáyà. Lórí Cisco 2511, ráútà tó ń ṣe iṣẹ́ terminal server, tó ní ìlà 16 bíi tiyín, RJ-45 ni wáyà ìlà kọ̀ọ̀kan ń parí sí. Ẹsẹ̀ 8 péré ni RJ-45 ní, nígbà tí ojú pọ́ọ̀tù módẹ́mù ní 25. Àyè kò gba DCD lọ́tọ̀, nítorí náà ẹsẹ̀ DSR, àmì tí módẹ́mù fi ń sọ pé òun ti múra, ni ráútà náà ń wò láti mọ̀ bóyá ènìyàn wà níbẹ̀. Ádápútà tó bá a mu ni èyí tó mú DCD módẹ́mù, tó wà ní ẹsẹ̀ 8, wá sí ẹsẹ̀ DSR ti ráútà. Ádápútà kejì wà tó jọ ọ́ bí ìbejì, tó jẹ́ pé DSR módẹ́mù, ní ẹsẹ̀ 6, ló so mọ́ DSR. Níwọ̀n ìgbà tí iná bá wà lára módẹ́mù, DSR tirẹ̀ sábà máa ń tan. Ẹni tó bá fi ádápútà kejì yìí sí i á tún gbogbo ìṣètò tò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ohun kan náà ni yóò sì máa ṣẹlẹ̀.

* * *

Bí ẹ ó ṣe rí i pẹ̀lú ojú yín

Ẹ má ṣe gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ lásán. Bí ẹrọ yín bá jẹ́ irú èyí tí mo dárúkọ yẹn, ẹ tẹ àṣẹ «show line 1» nígbà tí ẹnikẹ́ni kò pè. Ẹ wá ìlà tó sọ nípa ipò ohun èlò módẹ́mù. Ó yẹ kí ẹ rí noDSR níbẹ̀. Ẹ wá jẹ́ kí ẹnì kan pè wọlé, kí ẹ tún tẹ̀ ẹ́. NoDSR á ti di DSR. Lẹ́yìn náà, láìjẹ́ kí ẹni yẹn jáde nínú iṣẹ́, ẹ fa okùn tẹlifóònù yọ lára módẹ́mù tirẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, módẹ́mù tiyín á gbà pé kò sí ohùn mọ́, á já ìpè, DSR á padà di noDSR, iṣẹ́ tó ṣí sílẹ̀ á sì kú. Bí DSR kò bá yí padà, ẹ ti rí ibi tí àìsàn wà, kò sì sí ìdí láti fọwọ́ kan ohunkóhun mìíràn títí ẹ ó fi wò ó sàn.

Àṣẹ tí ìlà náà nílò ni «modem inout», tàbí «modem dialin» bí ẹ kò bá fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba ibẹ̀ pe ìta. Bí kò bá sí ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì, ráútà kò ní ka àmì yẹn sí, bí wáyà tilẹ̀ pé.

* * *

Ibo ni kí ìṣètò módẹ́mù máa gbé?

Àríyànjiyàn tó ti pẹ́ ni èyí. Àwọn kan ní kí á kọ ìṣètò sínú módẹ́mù lẹ́ẹ̀kan, kí á fi &W pa á mọ́, ó tán. Àwọn mìíràn ní kí terminal server máa fi ránṣẹ́ sí i ní gbogbo ìgbà tí ìpè bá parí, kí módẹ́mù má bàa gbàgbé nígbà tí iná bá lọ tàbí nígbà tí ẹlòmíràn bá fọwọ́ kàn án.

Mo ti lo ọ̀nà méjèèjì, èkejì ni mo fara mọ́, pàápàá níbi tí ènìyàn kò ti sí nítòsí ẹrọ. Ẹni tó bá pààrọ̀ módẹ́mù tó bàjẹ́ kì í sábà rántí àṣẹ tó wà nínú ti àtijọ́. Bí terminal server bá ń fi ìṣètò ránṣẹ́ fúnra rẹ̀, módẹ́mù tuntun á gba ẹ̀kọ́ rẹ̀ kí ìpè kejì tó wọlé. Síbẹ̀, ẹ kọ ọ́ sínú módẹ́mù náà pẹ̀lú.

Láti bá módẹ́mù ìlà kìíní sọ̀rọ̀ tààrà, ẹ fi telnet, ètò tí a fi ń wọ ẹrọ láti ọ̀nà jíjìn, lọ sí àdírẹ́sì terminal server ní pọ́ọ̀tù 2001. Ìlà kejì ni 2002, títí dé 2016. Ẹ tẹ AT, yóò sì dáhùn OK. Ẹ wá fún un ní irú èyí:

AT&F&C1&D2S0=1

S0=1 ló ń mú kó gbé ìpè lẹ́yìn tí agogo bá dún lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn ìyẹn ló kan ìdarí ìṣàn dátà, níbi tí àwọn tó ń ṣe módẹ́mù kò ti fẹnu kò: &K3 ni lórí àwọn tó ń lo ohun èlò Rockwell, &H1&R2 ni lórí U.S. Robotics, \Q3 sì ni lórí àwọn mìíràn. Ẹ wo ìwé tó bá tiyín wá, ẹ má ṣe dá àṣẹ ẹlòmíràn kọ. E0, tó ní kó má sọ ohun tó gbọ́ padà, àti Q1, tó ní kó má dáhùn, ni kí ẹ fi kẹ́yìn pẹ̀lú &W, nítorí pé lẹ́yìn Q1 módẹ́mù kò ní dá yín lóhùn mọ́, ẹ ó sì máa rò pé ó ti kú.

Ìdí E0 àti Q1 kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Bí módẹ́mù bá ń sọ ohun tó gbọ́ padà, tí terminal server sì kọ «Username:» sí i nígbà tí ẹnikẹ́ni kò sí lórí ìlà, módẹ́mù á dá ọ̀rọ̀ náà padà, terminal server á rò pé orúkọ ènìyàn ni, á béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà, módẹ́mù á tún dá ìyẹn padà. Àwọn méjèèjì á máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ báyìí láìdáwọ́ dúró. Mo ti rí àkọsílẹ̀ tó kún fọ́fọ́ fún irú ìjíròrò bẹ́ẹ̀, tí àwọn tó ni ẹrọ náà sì gbà pé olè ló ń gbìyànjú láti wọlé.

* * *

Ta ni ~ÿ}#À!}!}?

Kì í ṣe olè, kì í sì í ṣe pé ìlà tẹlifóònù yín dọ̀tí. Ẹ wò ó dáadáa: àmì wọ̀nyí kì í yàtọ̀ nígbà tí wọ́n bá fara hàn. Ariwo orí ìlà kì í sábà kọ ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì.

PPP ló ń sọ̀rọ̀. Àmì ~ ni báìtì 7E tó ń ṣí ojú gbogbo férémù rẹ̀. ÿ ni FF, àdírẹ́sì tó ń tọ́ka sí gbogbo ayé. }# ni 03 tí wọ́n dì mọ́lẹ̀ kó má bàa ru módẹ́mù lójú: } ń sọ pé èyí tó tẹ̀lé òun ti yí padà. À! ni C0 21, èyí tó jẹ́ nọ́ńbà LCP, apá PPP tó ń kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ìpinnu. }! àkọ́kọ́ ni 01, tó túmọ̀ sí pé «mo fẹ́ kí á jọ fẹnu kò». Ẹ̀rọ ẹni tó ń pè ti bẹ̀rẹ̀ PPP, ṣùgbọ́n terminal server ṣì dúró síbi tó ti ń béèrè orúkọ, ó sì gba ìkíni náà ní orúkọ.

Nítorí náà, ẹ ní láti yàn. Ọ̀nà kan ni kí ìlà jẹ́ ti PPP nìkan, «async mode dedicated», tí kò sí ìbéèrè orúkọ rárá. Ọ̀nà kejì ni «async mode interactive» pẹ̀lú «autoselect ppp» lórí ìlà, tí terminal server á máa tẹ́tí sí báìtì 7E. Bó bá gbọ́ ọ, á wọ PPP, bí kò bá sì gbọ́ ọ, á béèrè orúkọ. Lórí Linux, mgetty, ètò tó ń gba ìpè, ń ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ohun tí wọ́n ń pè ní AutoPPP.

Àwọn tó fẹ́ ìlà tó mọ́ ń pọ́n èyí àkọ́kọ́ lé, wọ́n sì ní ẹ̀tọ́ láti ṣe bẹ́ẹ̀ níbi tó jẹ́ pé ìlú ńlá ènìyàn ló ń pè láti wo íntánẹ́ẹ̀tì. Fún irú iṣẹ́ tiyín, èkejì ni kí ẹ lò. Ọjọ́ tí nǹkan bá bàjẹ́ gan-an, ẹni tó wà lójú ọ̀nà lè má ní ju ojú ìkọ̀wé lásán lọ. Ó yẹ kó lè tẹ orúkọ rẹ̀ sí i, kó dé ọ̀dọ̀ ráútà láìlo PPP kankan.

* * *

Ìyára, ní ṣókí

Ẹ ti ìyára pa sójú kan láàárín terminal server àti módẹ́mù, kó má sì tẹ̀ lé ìyára tí módẹ́mù méjèèjì bá fi bára wọn sọ̀rọ̀ lórí tẹlifóònù. V.42bis lè fún dátà pọ̀ títí dé ìlọ́po 4, ìdí nìyí tí wọ́n fi máa ń ti módẹ́mù 28,800 bit/s sí 115,200. Ẹni tó ní 38,400 ti tó fún iṣẹ́ ìtọ́jú ẹrọ kò purọ́. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé kí ìhà méjèèjì jẹ́ kan náà. Ìyára tí ẹ bá fi tẹ AT kẹ́yìn ni módẹ́mù púpọ̀ ń rántí, nítorí náà ẹ ti ìyára terminal server pa kí ẹ tó tẹ AT àti &W.

RTS/CTS, tó ń fi wáyà tirẹ̀ lọ́tọ̀ dá dátà dúró, ni kí ẹ lò fún ìdarí ìṣàn dátà. XON/XOFF ń fi àmì 11 àti 13 dá dátà dúró, inú dátà gan-an ni àwọn àmì wọ̀nyẹn sì ń gbà. PPP lè dì wọ́n mọ́lẹ̀ bí ẹ bá fi 000A0000 ṣe àwòrán àmì tó yẹ kó fi pamọ́, ṣùgbọ́n wàhálà tí RTS/CTS yóò ti gbà yín lọ́wọ́ rẹ̀ ni.

* * *

Olùbéèrè padà wá

Ó kọ̀wé pé òun ti yẹ àwọn ìlà wò. Lórí ìlà 13 nínú 16, DSR kò yí padà rárá yálà ẹnì kan pè tàbí kò pè, ìlà 3 tó kù nìkan ló dára. Ó tún ní ọ̀gá òun ṣì ń béèrè lórí PAP àti CHAP, àti pé ẹnì kan ti sọ fún un pé PAP kò bófin mu mọ́.

Èsì

Bí 13 bá jẹ́ ọ̀kan náà tí 3 sì yàtọ̀, ẹ lọ wo ádápútà tó wà lórí 3 wọ̀nyẹn, kí ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ àwọn tó kù. Ó ṣeé ṣe kí àwọn 3 yẹn ti jẹ́ èyí tí ẹnì kan pààrọ̀ tẹ́lẹ̀.

Lórí PAP àti CHAP, ohun tí gbogbo ènìyàn ń sọ ni pé PAP ń fi ọ̀rọ̀ aṣínà ránṣẹ́ ní gbangba, CHAP kò sì ń fi ránṣẹ́ rárá, nítorí náà CHAP ló dára. Òtítọ́ ni apá àkọ́kọ́. Ní CHAP, bí RFC 1994, ìwé ìlànà íntánẹ́ẹ̀tì ti ọdún 1996, ṣe là á sílẹ̀, terminal server á fi nọ́ńbà kan tí kò ṣeé mọ̀ tẹ́lẹ̀ ránṣẹ́, ẹni tó ń pè á da nọ́ńbà yẹn pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ aṣínà, á fi MD5, ìṣirò tí kò ṣeé dá padà, lọ̀ ọ́, èsì nìkan ló sì ń gba orí ìlà kọjá. Ṣùgbọ́n kí terminal server tó lè ṣe ìṣirò kan náà, ó gbọ́dọ̀ ní ọ̀rọ̀ aṣínà náà fúnra rẹ̀ lọ́wọ́ bó ṣe rí. Kò lè jẹ́ èyí tí wọ́n ti lọ̀ tí kò ṣeé dá padà, bí Unix ṣe ń tọ́jú tirẹ̀. Ẹni tó bá jí àkójọ yẹn ti jí ti gbogbo ènìyàn. Ní ti PAP, ẹ lè tọ́jú ọ̀rọ̀ aṣínà ní lílọ̀, ẹ sì lè lo èyí tí ń yí padà ní gbogbo ìgbà, èyí tí CHAP kì í sábà gbà. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ti PAP ní láti so ara rẹ̀ mọ́ ìlà tẹlifóònù yín.

Ẹ̀yìn èwo ni mo wà? Fún iṣẹ́ tiyín, CHAP ni, lórí májẹ̀mú kan: kí ọ̀rọ̀ aṣínà ìpè-wọlé yàtọ̀ pátápátá sí èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ ń lò níbi mìíràn. Bí wọ́n bá jí i, ìpè-wọlé nìkan ni wọ́n jí. Ilé-iṣẹ́ tó bá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ aṣínà kan ṣoṣo ṣí gbogbo ilẹ̀kùn ni kí ó lo PAP pẹ̀lú ọ̀rọ̀ aṣínà àyípadà.

Ẹ kò dárúkọ RADIUS, sáfà tó ń yẹ orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà wò fún àwọn ẹrọ mìíràn, ó sì yẹ kí á sọ ọ́, nítorí pé àwọn ènìyàn yóò tì yín síbẹ̀. Àárín àwọn terminal server onípè-wọlé gan-an ni wọ́n ti bí RADIUS, ní ilé-iṣẹ́ Livingston tó ń ṣe PortMaster, kí RFC 2058 tó gbé e jáde ní 1997. RFC 2865 ti ọdún 2000 ló wà lórí rẹ̀ báyìí. Bí ìbéèrè yín kò bá rí èsì, ẹ wo nọ́ńbà pọ́ọ̀tù: àwọn ẹrọ àtijọ́ ń lo 1645 àti 1646, àwọn tuntun ń lo 1812 àti 1813. Ó dára gan-an, ó ń kọ ẹni tó wọlé, ìgbà tó wọlé, àdírẹ́sì tó gbà àti iye àkókò tó lò sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì dákú ni ẹ fẹ́ lo ẹrọ yìí. Bí RADIUS bá wà ní òdì-kejì nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó dákú yẹn, ta ni yóò ṣí ilẹ̀kùn? Ẹ ní láti ní orúkọ díẹ̀ nínú terminal server fúnra rẹ̀, kí ẹ sì to ó tẹ̀lé RADIUS. Ẹ rántí pé ìgbà tí RADIUS kò bá dáhùn rárá ni á tó yíjú sí orúkọ abẹ́lé. Bí RADIUS bá sọ pé rárá, rárá náà ni.

* * *

Àdírẹ́sì

Àríyànjiyàn tó wà níbí ni bóyá kí àdírẹ́sì tẹ̀lé ènìyàn tàbí kó tẹ̀lé ìlà. Àwọn tó ní kó tẹ̀lé ènìyàn ń rò ó nípa ààbò: ògiri ààbò lè mọ ẹni tó ń bọ̀ láti inú àdírẹ́sì rẹ̀. Ọ̀rọ̀ gidi ni. Ṣùgbọ́n fún ẹrọ tí ẹ fẹ́ tọ́jú, ẹ jẹ́ kó tẹ̀lé ìlà. Bí ìlà 1 bá jẹ́ 192.168.10.33, tí ìlà 16 sì jẹ́ 192.168.10.48, ọjọ́ tí ẹnì kan bá pariwo pé ìpè òun ń já, ẹ ó bi í léèrè àdírẹ́sì tó gbà, ẹ ó sì ti mọ módẹ́mù tí ẹ ó lọ bá.

Bí àdírẹ́sì wọ̀nyẹn bá jẹ́ ara àwọn ti Ethernet níbẹ̀, terminal server ní láti máa dáhùn ARP, ìbéèrè tó ń wá ẹrọ tó ni àdírẹ́sì kan, fún wọn, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àwọn tó wọlé á lè ránṣẹ́ jáde ṣùgbọ́n èsì kò ní padà. Cisco ń ṣe ìyẹn fúnra rẹ̀ àyàfi bí ẹnì kan bá ti pa á. Àpẹẹrẹ tó sábà ń yọjú ni pé ẹni tó pè lè fi ping kan terminal server, kò sì lè kan ohunkóhun tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

* * *

Nọ́ńbà kan fún ìlà 16

Ẹ kò sọ ọ́, ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe kí ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ti so ìlà 16 náà mọ́ nọ́ńbà kan ṣoṣo, tí ìpè á máa bọ́ sórí ìlà àkọ́kọ́ tó bá ṣófo. Ibẹ̀ ni «nígbà mìíràn á gbà, nígbà mìíràn kò ní gbà» ti sábà ń jáde. Bí ìlà bá dí, ìpè á fò ó kọjá. Ṣùgbọ́n bí módẹ́mù orí ìlà kẹta bá ti kú tí kò gbé ìpè, ìlà náà ṣófo lójú ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù. Agogo á máa dún níbẹ̀ láìsí ẹni tó dáhùn, gbogbo ẹni tó bá sì pè lẹ́yìn tí ìlà kìíní àti ìkejì ti dí, orí òkú yẹn ni yóò bọ́ sí. Módẹ́mù 13 tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò ní rí ìpè kankan gbà.

Ẹ máa pe nọ́ńbà ìlà kọ̀ọ̀kan fúnra rẹ̀ láti ìgbà dé ìgbà, ẹ má ṣe pe nọ́ńbà àpapọ̀ nìkan. Bí ẹ bá rí èyí tó kú, ẹ mú kí ìlà rẹ̀ dí, kódà bó jẹ́ pé ẹ ó gbé tẹlifóònù lásán sórí rẹ̀ tí ẹ ó gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò lórí ìjókòó rẹ̀, títí ẹ ó fi rí módẹ́mù mìíràn.

* * *

Ẹlòmíràn béèrè ìdí tí kò fi rí ìyára 56K

Kò jẹ́ rí i láé pẹ̀lú irú ẹrọ yìí, kò sì yẹ kí ó máa pààrọ̀ módẹ́mù kiri. V.90, ìlànà módẹ́mù tó jáde ní 1998, gba 56K láti ọ̀dọ̀ sáfà sí ẹni tó ń pè nígbà tí ìhà sáfà bá jẹ́ díjítà títí wọ inú ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù, bíi E1 tó ń gbé ìpè 30 tàbí T1 onílà PRI tó ń gbé 23. Módẹ́mù méjì tó wà lórí ìlà tẹlifóònù lásán kò lè kọjá 33,600. Ìyẹn ti tó fún ẹni tó fẹ́ tún ráútà ṣe.

* * *

Ṣé kí á kó o dànù?

Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ ní àwíjàre. AOL pàápàá, ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì Amẹ́ríkà, pa ìpè-wọlé íntánẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ tì ní ìparí oṣù kẹsàn-án ọdún 2025. Ìṣòro tó tóbi jù ni pé àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ń gbé ohùn lórí IP, ìyẹn nẹ́tíwọ́ọ̀kì dátà, báyìí. G.729, tó ń fún ohùn pọ̀ sí 8 kbit/s, kò mọ ohun tí módẹ́mù ń sọ. Etí ènìyàn ni wọ́n ṣe é fún. G.711, tó jẹ́ 64 kbit/s, ń gbé e, ṣùgbọ́n bí àwọn pákẹ́ẹ̀tì bá sọnù díẹ̀, V.34, ìlànà módẹ́mù tó ń dé 33,600 yẹn, á já. Bí ìlà yín bá ti di irú èyí, ẹ fi módẹ́mù sí V.32 ní 9600, tàbí V.22bis ní 2400 pàápàá. Á lọ́ra, ṣùgbọ́n yóò dúró, àṣẹ tí ènìyàn ń fi ọwọ́ tẹ̀ kò sì nílò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Síbẹ̀ mi ò ní bá a kó o dànù. Ọ̀nà tí kò gba inú nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó dákú kọjá ṣọ̀wọ́n, ẹni tó bá sì ti dúró níwájú ráútà tí kò gbọ́ ohùn mọ́ mọ iyì rẹ̀. Bí ẹ bá rí owó fún ọ̀nà alágbèéká, ẹ fi kún un, ẹ jẹ́ kí méjèèjì jọ wà.

Kí ẹ tó dá a padà sẹ́nu iṣẹ́, ohun méjì kù. Àwọn kan wà tó ń tẹ nọ́ńbà tẹlifóònù lọ́kọ̀ọ̀kan láti mọ èyí tí módẹ́mù ń gbé, nítorí náà ẹ má ṣe kọ orúkọ ilé-iṣẹ́ tàbí irú ẹrọ sójú ìkíni tí ẹni tó pè kọ́kọ́ ń rí. Bí ẹ bá sì fẹ́ kí terminal server já ìpè kó tún pe òṣìṣẹ́ padà sí nọ́ńbà tó mọ̀, ẹ jẹ́ kó gba ìlà mìíràn pè é. Bó bá gba ìlà kan náà, ẹni tó mọ̀ ọ́n lè kọ̀ láti já ìpè tirẹ̀, kó máa fi ohùn tẹlifóònù tó ṣófo tan módẹ́mù, kí módẹ́mù sì rò pé òun ti pe ibòmíràn.

Ẹ pààrọ̀ ádápútà 13 yẹn, ẹ dán okùn tẹlifóònù fífà yọ wò lórí gbogbo ìlà 16, kódà àwọn 3 tó ti dára tẹ́lẹ̀. Títí di ìgbà yẹn, ẹ fi «exec-timeout» ìṣẹ́jú 5 sí gbogbo ìlà, kí iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni bá fi sílẹ̀ lè máa kú fúnra rẹ̀, kí ẹ sì kìlọ̀ fún gbogbo òṣìṣẹ́ pé kí wọ́n jáde kí wọ́n tó já ìpè.